Nọ́ọ̀sì Tó Ń Bèèrè Ìtọ̀

Nọ́ọ̀sì kan bá wa gbélé ní Mushin tí kì í kí mi káàárọ̀. Ohun tó máa ń sọ ni, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tọ̀?"

Ìléròrò ló yọ sí mi létè, ni dókítà bá kọ oògùn kan tí wọ́n ń pè ní asikilófíà fún mi. Mo ní èmi tí mò ń ta ẹ́ńjìnnì ní Ládìpọ̀, tí kò sẹ́ni tó tó mi níbẹ̀, ìlọ́po méjì ni n ó lò, kí àrùn náà lè kúrò pátápátá.

Nọ́ọ̀sì náà ní, "Kò ní kúrò, Ẹ̀gbọ́n. Oògùn yẹn kàn ń mú un sùn ni. Tí ẹ bá lò ó jù, tí ẹ ò sì mumi, kíndìnrín yín á nọ́ọ̀kì bí ẹ́ńjìnnì."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi. Bí dókítà ṣe kọ ọ́ ni mo lò ó, òun náà sì ń bi mí láràárọ̀ bóyá mo ti tọ̀, kó lè mọ̀ pé mò ń mumi.

Nọ́ọ̀sì náà ti kó lọ sí Sùúrùlérè báyìí. Lánàá ó pè mí lórí fóònù níwájú àwọn kọ́sítọ́mà mi, ó bèèrè ìbéèrè rẹ̀. Mo dá a lóhùn sókè pé mo ti tọ̀, ìtọ̀ náà sì mọ́ ju omi inú rédíétọ̀ gbogbo wọn lọ.