Fèrè Mẹ́ta Nínú Àgbàlá Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lókè tábìlì, inú àgbàlá kan tí kò jìnnà sí àdúgbò Ganhi ni à ń gbé, ní Kútọnu níbí. Ìyá Àgbà ló ni ilé náà. Àgùdà ni wọ́n, láti Bùràsíìlì ni àwọn baba ńlá wọn ti padà wá. Wọ́n ń gbé lókè, àwa ayálégbé sì wà nínú àwọn yàrá ìsàlẹ̀ tó yí àgbàlá ká. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nílùú yìí á rántí iyanrìn Kútọnu: bó o gbá a láàárọ̀, tó o fi ìgbálẹ̀ fa ìlà sí i kó lè dára, atẹ́gùn òkun á ti tú u ká kó o tó fọ abọ́ tán. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, ilẹ̀ gbígbá àti abọ́ fífọ̀. Bí mo bá ti ṣe é tán, màmá mi á fún mi ní àkàsà gbígbóná tí wọ́n fi mílíìkì àti ṣúgà pò, màá sì sá lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe tẹ́ńtẹ́ẹ̀n títí ẹnì kan á fi ṣubú lu aṣọ tí wọ́n sá. Ta ni wọ́n máa ń fa létí? Èmi ni, kódà bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ṣubú, nítorí etí tèmi ló sún mọ́ màmá mi jù.

Papa mi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ó ń bá àwọn oníṣòwò Nàìjíríà àti Nìjẹ̀ yọ ẹrù. Láti àárọ̀ ló ti ń bá àwọn aṣọ́bodè fa ọ̀rọ̀, bó bá wá délé, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. “Ẹ káàbọ̀, Papa.” “Ẹn.” Ó parí nìyẹn. Ọjọ́ Ìsinmi ló burú jù. Mi ò ní fi bò fún yín: bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ilé ọlọ́tí ni Papa ń lọ. Sódàbì, ògógóró ìlú wa, ni wọ́n ń mu níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ dáadáa bó bá ń bọ̀. Kì í lu ẹnikẹ́ni, kì í pariwo. Ó kàn máa ń wọlé bí àlejò ni, àwa náà á sì máa wò ó bí àlejò.

Fèrè ló mú un jókòó sílé. Oníṣòwò kan tí inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ Papa ló ta á lọ́rẹ, sakisofóònù àlòkù kan tí ara rẹ̀ ti tẹ̀, tí wọ́n fi rọ́bà so níbi méjì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Papa fọn ọ́n, ewúrẹ́ Ìyá Àgbà já okùn.

Kò pẹ́ tí àwọn méjì fi kún un. Bàbá Ràṣídì, ọmọ Ẹ̀gbá tó ń ta aṣọ ní ọjà Dantokpa, gbé tirẹ̀ wá láti Èkó. Ẹnì kejì jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé ní àdúgbò wa, Mẹ̀tírì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó yá tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onífèrè ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó lè ka orin lórí ìwé nínú wọn. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n sì fẹ́ mọ̀, orin bọsanófà kan báyìí, èyí tí àwọn ará Bùràsíìlì gbé jáde tí àwọn oníjáàsì sì ń fọn káàkiri, tó máa ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pọn ọmọ rìn létí omi. Inú kásẹ́ẹ̀tì Papa ló wà. Ìyá Àgbà ní tiwọn ni orin náà, ti àwọn Àgùdà. Bàbá Ràṣídì ní bó bá jẹ́ tiwọn, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá fọn ọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ rèé. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ṣì ń sọ̀rọ̀ láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Papa náà ni. Wọ́n wá pín orin sí mẹ́ta bí ẹni pín iṣu: Papa mú ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá Ràṣídì mú àárín, Mẹ̀tírì mú ìparí. Ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì wà nínú báàgì ọ̀rá kan, èmi ni mo ń gbé e láti ilé dé ilé bí ọ̀sẹ̀ bá yí. Kálukú á dá gbọ́ ìpín tirẹ̀ títí á fi mọ̀ ọ́n. Bó bá wá di ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, ẹni tó mọ ìpín kan á kọ́ àwọn méjì yòókù. Papa tí kì í sọ̀rọ̀ wá di tíṣà. “Rárá o, Bàbá Ràṣídì, ẹ má kánjú, ẹ fà á díẹ̀ sí i.” “Kí n fà á dé ibo? Dé Sẹ̀mẹ̀?” Ẹ̀rín á pa wọ́n, Papa á di ikùn mú. Màmá mi á gbé gàrí tútù àti ẹ̀pà síwájú wọn. Bí àwọn obìnrin yòókù bá ń ráhùn nítorí ariwo, á ní, “Ẹ jẹ́ kí etí máa dùn mí, ó sàn fún mi.”

Ohun kan ṣoṣo tí òun máa ń sọ sí orin náà ni pé ọkùnrin tó ń kọ ọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ara rẹ̀ ò yá. “Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ohùn nílẹ̀? Ẹ fún un ní oògùn ibà.” Wọ́n kàn fi í ṣẹ̀rín ni. Èmi náà ti mọ orin náà tán. Mo ń fi imú kọ ọ́ ní kíláàsì lọ́jọ́ kan, tíṣà mi ní kí n jáde síta, kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ sókè. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn gbígbóná, orin ṣì ń lọ nínú mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, orin tí kì í parí máa ń sú ènìyàn. Bí wọ́n bá fi máa dé ìparí, ìbẹ̀rẹ̀ á ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìyá Àgbà kì í rí oorun ọ̀sán sùn mọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ṣí fèrèsé òkè gbàgà.

“Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí! Àtìgbà òjò lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ orin yìí, ẹ ò parí ẹ̀ rí! Komúníọ̀ àkọ́kọ́ ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀. Ẹ wá fọn ọ́n níwájú àlejò mi. Bẹ́ ẹ bá fọn ọ́n parí, mo gbà fún yín. Bẹ́ ẹ ò bá fọn ọ́n parí, kí kálukú gbé fèrè ẹ̀ lọ sétí òkun, kó máa fọn ọ́n fún ẹja!”

“Ẹ má bínú, Màmá,” ni Papa wí.

Màmá mi ò rẹ́rìn-ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbọ́ tó ń sọ fún àǹtí mi nídìí ààrò pé, “Bí wọ́n bá lé wọn kúrò níbí, ṣé o mọ ibi tí ọkọ mi máa padà sí?” Bí mo ṣe kéré tó, mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ọjọ́ komúníọ̀ pé, àgbàlá kún. Òórùn féṣúádà, ẹ̀wà tí àwọn Àgùdà máa ń fi oríṣiríṣi ẹran sè, gba gbogbo ilé. Ìyá Àgbà ti ránṣẹ́ pe ọmọ àbúrò wọn kan láti Àjàṣẹ́ kó wá ta gìtá. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí sẹ́mì, ọ̀kadà ìlú wa nìyẹn, ó gbé gìtá pọ̀n bí ọmọ. Ó mọ orin náà. Òun àti àwọn onífèrè lọ sẹ́yìn ilé láti dán an wò kí àlejò tó jẹun tán.

Yéè! Gìtá ń lọ síbìkan, fèrè ń lọ síbòmíì. Wọ́n sún mọ́ra, wọn ò sì bára mu, bí ilẹ̀kùn tí kò wọ férémù.

“Gìtá ẹ lara ẹ̀ ò dá,” ni Mẹ̀tírì wí.

“Ó tì o, ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni. Ẹ̀yin lẹ wà nísàlẹ̀.”

“Àwa mẹ́ta la wà nísàlẹ̀, ìwọ nìkan lo wà lókè?” Bàbá Ràṣídì béèrè, òógùn ti bò ó.

Papa gbé fèrè rẹ̀ lélẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà tó jáde sí títì. Màmá mi rí i. Pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́, ó lọ dúró gbagidi sí ẹnu ọ̀nà náà.

Onígìtá ní kóun gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kọ́ ọ. Mo sáré gbé báàgì ọ̀rá wá. Ó tẹ ẹ̀rọ. Kò tíì gbọ́ ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ tó fi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ Papa ti gbó, rọ́bà tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀ ti rọ̀, kò lè sáré bó ṣe yẹ mọ́. Orin ń falẹ̀, gbogbo ohùn inú rẹ̀ sì ti wálẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó ti rẹ̀ yẹn ṣe ń kọ ọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe kọ́ ọ, pẹ̀lú sùúrù, láìṣì í.

“Ṣé mi ò sọ fún yín pé ara ọkùnrin yẹn ò yá?” Màmá mi kígbe láti ẹnu ọ̀nà.

Kò sáyè àtitún un kọ́. Onígìtá yẹn, kí Ọlọ́run bù kún un níbikíbi tó bá wà, jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó dẹ okùn gìtá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ohùn rẹ̀ fi wálẹ̀ bá tiwọn. “Ó yá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ fọn ọ́n, èmi ni màá tẹ̀ lé yín.”

Wọ́n fọn ọ́n. Papa fa ìbẹ̀rẹ̀, àwọn méjì wọlé sábẹ́ rẹ̀. Ó lọ wẹ́rẹ́, ó lọ jẹ́jẹ́, àwọn àlejò gbé ṣíbí sílẹ̀. Ní àárín, Bàbá Ràṣídì pa ojú dé. Màmá mi di etí aṣọ rẹ̀ mú. Wọ́n dé ìparí, kò bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì dákẹ́ pọ̀. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ lanu:

“Ẹ tún un fọn.”

Màmá mi jókòó sórí iyanrìn pẹ̀lú aṣọ tuntun lára, ó mí kanlẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí ènìyàn mí báyẹn rí.

Lónìí, èmi náà ti di ìyá ọmọ. Ọmọ mi àgbà á tẹ tẹlifóònù, orin tó bá wù ú á jáde, kò ní falẹ̀, ohùn rẹ̀ ò ní wálẹ̀. Ó dára, mi ò bú u. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ fèrè báyìí á wo fídíò nínú yàrá rẹ̀, á sì mọ orin látòkèdélẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Nígbà tiwa, bó ò bá rí àwọn méjì yòókù, ìdámẹ́ta orin lo ní. Wọ́n ti wó ilé Ìyá Àgbà, ilé ìtajà ló wà níbẹ̀ báyìí. Bàbá Ràṣídì ti padà sí Abẹ́òkúta. Papa ti fẹ̀yìn tì. Ó máa ń mu ife kan níbi ìnáwó, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa lòun àti Mẹ̀tírì máa ń lo Ọjọ́ Ìsinmi wọn. Wọn ò tún orin náà kọ́. Bí mo bá gbọ́ ọ lórí rédíò bó ṣe yẹ kó rí, ó máa ń dà bíi pé wọ́n ń lé àwọn tó ń fọn ọ́n ni.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọmọ mi kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn nígbà tí Papa fi fèrè sẹ́nu. Ọkọ mi ní ṣé kóun lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Mo ní rárá. Bí ọmọ bá jí, màá pọ̀n ọ́n. Bàbá mi wà nílé.