Àtẹ́wọ́ fún Ẹlẹ́rìn-ín

Ẹlẹ́rìn-ín la máa ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í fi rẹ́rìn-ín. Yàrá kan náà lèmi pẹ̀lú rẹ̀ ń gbé nílé-ẹ̀kọ́ gíga. Àmọ́ láìpẹ́ yìí, oorun dá lójú rẹ̀. Oúnjẹ tí mo bá bù fún un á tutù síbẹ̀. Bí mo bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Ó kàn rẹ̀ mí ni jàre," á sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní bọ́rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

A ní kíláàsì kan tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń gbé ayé: bá a ṣe ń bínú láì jà, bá a ṣe ń sọ ohun tó ń dùn wá. Eré la fi ń kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ní kémi ṣe ìyá, kí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe ọmọ tọ́kàn rẹ̀ gbọgbẹ́.

Ó wò mí lójú. "Mọ́mì, ìwé ò wọ orí mi mọ́. Bílẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó ń ṣe mí bíi kí n má jí mọ́."

Ni gbogbo kíláàsì bá pàtẹ́wọ́! Olùkọ́ ń yọ̀: "Ẹ ò rí i? Bó ṣe yẹ ká máa sọ ọ́ nìyẹn!" Ẹlẹ́rìn-ín tẹríba fún wọn bí òṣèré.

Orí mi gbóná. "Ẹ dákẹ́ jàre! Ta ló ń ṣeré níbí?" Mo fà á jáde. Olùkọ́ sáré tẹ̀ lé wa, ojú ti tì í, ó ní ká pe ìyá Ẹlẹ́rìn-ín kíákíá.

"Ọmọ mi, ṣé kò sí o?" ìyá rẹ̀ bèèrè lórí fóònù.

"Kò sí o, Mọ́mì. Mo ní kí n kàn kí yín ni." Ó tún ń rẹ́rìn-ín!

Àìlèsọ̀rọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ orí burúkú. Mo já fóònù gbà. "Mà, irọ́ ló ń pa fún yín. Ó ń ṣe é bíi kó kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

Ìyá náà ní, "Mo ti ń bọ̀. Má fi í sílẹ̀ o, ọmọ mi."

Ẹlẹ́rìn-ín já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. "Ọ̀dàlẹ̀!" ló pè mí. Ó dùn mí wọra. Síbẹ̀, mo jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn títí ìyá rẹ̀ fi dé. Títí dòní, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Kó máa bínú sí mi lọ. Kó ṣáà ti wà láàyè.