Ohun Tí Bàbá Mi Rí Lára Àbúrò Rẹ̀

Bàbá mi ló máa ń wẹ òkú àwọn ọkùnrin mùsùlùmí ní àdúgbò wa ní Kàbà. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì ti ibẹ̀ dé, a kì í bi í ní ohun tó rí. Ẹni tó bá wẹ òkú gbọ́dọ̀ bo àṣírí ara òkú náà. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é.

Ní àwọn ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, mo ti di oníròyìn ní Kàdúná. Mo wà nílé fún ìsinmi nígbà tí àbúrò bàbá mi kú. Òun àti Kristẹni kan tí oko wọn pààlà lọ́nà Odo-Ape ló jà lórí ilẹ̀, ọkùnrin náà sì tì í ṣubú. Lẹ́yìn ìyẹn ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó ń bì, ó sì kú. A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wa ṣe ní ká ṣe. Bàbá mi ló wẹ̀ ẹ́.

Kí ilẹ̀ sàréè tó gbẹ, àwọn dógárì, ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀, ti mú ọkùnrin náà. Wọ́n ní òun ló pa á. Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, pàṣẹ pé kí wọ́n wú òkú jáde kí dókítà lè là á wò.

Ilé wa dàrú. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́ kì í ṣe ẹni tí à ń fi ọ̀bẹ là. "Ṣé ẹran ni?" ni ọ̀kan nínú wọn bi mí, bí ẹni pé èmi ni mo rán dókítà níṣẹ́.

Ìyàwó ẹni tí wọ́n mú wá kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa.

"Bàbá, ọkọ mi tì í ni, kò lù ú. Ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ rí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀?"

"Máa lọ sílé. Mo ti gbọ́."

Nígbà tó lọ tán, bàbá mi ní kí n sin òun dé ọ̀dọ̀ lèmọ́mù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ: àbúrò rẹ̀ ní ìpá. Ó ti ní in tipẹ́, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ìpá náà ló pa á. Bí bàbá mi bá lè sọ ọ́ ní ilé ẹjọ́, wọ́n lè má wú òkú mọ́, wọ́n á sì tú ọkùnrin náà sílẹ̀.

"Ohun tí o rí lára òkú, inú rẹ ni kó máa gbé," ni lèmọ́mù wí.

"Bí wọ́n bá là á ńkọ́? Ṣebí wọ́n á rí i náà."

"Dókítà nìkan ni yóò rí i."

"Ẹni tó wà látìmọ́lé ńkọ́?"

Lèmọ́mù ń ka tẹ̀sùbáà lọ. Ó ní, "Mi ò lè yàn fún ọ."

Ilé ẹjọ́ kún lọ́jọ́ náà. Bàbá mi sọ̀rọ̀ ní Owé, èdè àwa ará Kàbà, ògbufọ̀ ń tú u sí gẹ̀ẹ́sì.

"Mi ò rí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ìpá ló ní. Ó wú, ó le, ó sì ti dúdú."

Dókítà béèrè bó ṣe tóbi tó. Ògbufọ̀ ní, "Bàbá, wọ́n ní kí ẹ fi ọwọ́ júwe rẹ̀."

Bàbá mi wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé méjèèjì sókè, ó ká wọn bí ẹni tó gbé igbá dání.

"Abájọ tí kì í bá wa lúwẹ̀ẹ́ lódò," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn mi.

"Agbádá gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn," ni èkejì dá a lóhùn, "àṣé kì í ṣe tọlá."

Ẹ̀rín sọ. Lójú fèrèsé, àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin olóògbé fi ìborùn bo ojú, ó sì kúrò níbẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ẹ wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Mo wolẹ̀. Ojú tì mí fún òkú, ojú tì mí fún ọmọ rẹ̀, ojú sì tún tì mí nítorí pé bàbá mi ṣì gbé ọwọ́ sókè, kò sẹ́ni tó ní kó sọ ọ́ kalẹ̀.

Dókítà ní ìfun ló há sínú ìpá náà, pé ọ̀rọ̀ náà bá ohun tí opó ti sọ fún wọn nípa èébì olóògbé mu. Wọn kò wú òkú. Wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀, ó sì wá dọ̀bálẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, láti dúpẹ́.

"Ẹ dìde," ni bàbá mi wí. "Ẹ má dúpẹ́ níbí. Opó wà nínú ilé."

Kí n tó padà sí Kàdúná, ọkùnrin mùsùlùmí kan, oníṣòwò àgbàlagbà, kú ní ilé kejì sí tiwa. Bàbá mi gbọ́ ẹkún, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ olóògbé gba iwájú wa kọjá. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ẹni tó ń wẹ òkú ní àdúgbò kejì ló wà láàárín wọn.

"Bóyá wọn ò mọ̀ pé ẹ wà nílé," ni ìyá mi wí.

"Wọ́n mọ̀. Wọ́n kí mi."

Ó fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì wọlé lọ.