Eérú Lára Irin Dídán

Òórùn kíkan fínígà ló máa ń gbé mi padà sí àgbàlá ilé tí a háyà lẹ́yìn ọjà Ekiosa nílẹ̀ Edo, níbi tí mo ti ń bá irin ọkọ̀ jà lójoojúmọ́ bí ẹni pé irin náà bú mi. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ọ̀gá mi kan ní báńkì ló tà á fún mi nígbà tó fẹ̀yìn tì, irin dídán sì yí gbogbo fèrèsé rẹ̀ ká. Bí mo bá ti fi omi bọ́ọ̀hóólù fọ̀ ọ́, tí oòrùn gbẹ omi náà kí n tó nù ún tán, àmì funfun róbótó-róbótó á kù sára irin. Ọṣẹ ò ràn án. Ẹlòmíràn lè má rí i, ṣùgbọ́n bí ìwà tèmi ti rí nìyí: bí mo bá jókòó jẹun, ojú mi á ṣì wà lára ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí tún burú sí i, nítorí bàbá kan nínú ìjọ wa ti bẹ̀ mí pé ọkọ̀ mi ni kó gbé ọmọbìnrin òun lọ ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá mi náà wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ìkirè ni wọ́n ti wá, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara wọn ò sì lélẹ̀ rárá. Wọ́n á dìde, wọ́n á jókòó, wọ́n á yọjú sí géètì, wọ́n á padà. Bí wọ́n bá mú ìgbálẹ̀, ìyàwó mi á gbà á. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ abọ́, èmi á ní, "Màmá, ẹ sinmi. Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe ti tó." Àwọn ọmọ mi gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Píjìn ni wọ́n fi ń dáhùn. Ìyá mi á béèrè bóyá wọ́n ti jẹun, èyí àbúrò á ní, "Grandma, I don chop," ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, mo ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ìgò fínígà kan. Awakọ̀ kan ní báńkì wa ló sọ fún mi pé kí n pò ó mọ́ omi, kí n fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àmì náà, kí n fi omi ṣàn án, kí n sì nù ún gbẹ kíá. Mo bá ìyá mi nídìí ọkọ̀, eérú ní ọwọ́ kan, kànrìnkàn onírin ní ọwọ́ kejì. Eérú ni wọ́n fi ń fọ ìdí ìkòkò ní Ìkirè títí yóò fi máa dán, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe ń ha irin mi. Àmì omi ti lọ lóòótọ́. Ìlà wẹ́wẹ́ ló rọ́pò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, láti fèrèsé iwájú dé ẹ̀yìn.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Wò ó, ó ti lọ."

"Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án?" Bó bá mọ síbẹ̀ ni, ì bá sàn. "Ẹ ò kúkú lè jókòó jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ kì í ṣe ìkòkò o."

Wọ́n da eérú tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n wọlé. Kò pẹ́ tí ìyàwó mi fi jáde wá. "Màmá ń di ẹrù," ó wí. "Wọ́n ní ìdájí ọ̀la làwọn ń lọ." Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi, mi ò lè wọlé, mi ò lè dúró. Mo mọ̀ pé bí ìyá mi bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú lọ, wọn ò ní í fẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni, wọn ò sì ní í wá sílé mi mọ́. Ẹ̀rù ìyẹn bà mí gan-an.

Mo ń rìn yí ọkọ̀ po nígbà tí ìyá tó ń yan ẹja ní ilé kejì pè mí láti ẹ̀yìn ògiri. Ọmọ Edo ni, kò gbọ́ Yorùbá, ìyá mi ò sì gbọ́ èdè mìíràn. "Your mama come collect ashes for my hand," ó wí. "She use hand show me, I think say na pot she wan wash." Ó wá fi kún un pé, "But as she dey rub that motor, she dey sing. Since she come, I never hear her voice before."

Inú ò bí mi mọ́. Ó kàn dùn mí ni. Ẹni tó yan gàrí rán mi nílé ìwé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wà nílé mi láìrí nǹkan kan fọwọ́ ṣe.

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ láàárín ẹrù. Wọ́n ní kí n dìde, àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ò wojú mi, aṣọ ni wọ́n ń ká lọ. Mo rí i pé ẹ̀bẹ̀ nìkan ò ní í tó. "Màmá," mo ní, "ẹ̀gbẹ́ òsì ṣì kù, oòrùn sì ti ń wọ̀. Mi ò lè dá a ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ṣe é."

Wọ́n wò mí pẹ́. "Kí ni kí n fi ṣe é, tí o ò fi ní í pariwo mọ́ mi?"

Mo fi hàn wọ́n. Èmi ń fi fínígà tẹ̀ ẹ́, àwọn ń fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé mi, omi ò ráyè gbẹ fúnra rẹ̀. Kí a tó dé fèrèsé ẹ̀yìn, wọ́n ti ń bá mi wí pé ọwọ́ mi le jù. Lọ́jọ́ kejì, níbi ìgbéyàwó, bàbá ìyàwó fọwọ́ kan àwọn ìlà náà, ó bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ní ìyá mi ló bá mi fọ ọkọ̀.

Oṣù kan ni wọ́n tún lò lọ́dọ̀ wa. Ní báyìí, bí wọ́n bá ń bọ̀, a kì í ṣa ẹ̀wà tán kí wọ́n tó dé, bí aṣọ àwọn ọmọ bá sì ya, a ó fi í sílẹ̀ kí wọ́n rán an. Àlejò là ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi sọ ìyá tó bí mi di àlejò, mo sì ń pè é ní ìtọ́jú.