Àwòrán Adágún Tí Ìyá Àgbà Pín

Lọ́dún tí a gba òmìnira, tí àwọn òyìnbó ń palẹ̀ mọ́ ní Kútọnu, ọ̀gá bàbá mi ní ọ́fíìsì fún un ní páálí kan láti fi dágbére. Àwòrán adágún ló wà nínú rẹ̀, tí òdòdó léfòó lójú omi, iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán ará Faransé kan. Wọ́n wá gé àwòrán náà sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹyọ, kí èèyàn lè jókòó máa tò ó pọ̀. Títí dòní ni mò ń bi ara mi pé, kí ló dé tí wọn ò kúkú fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ìyàwó ọ̀gá ní òun á yà kí wa lọ́jọ́ Sátidé kí ọkọ̀ ojú omi wọn tó gbéra, òun á sì fẹ́ rí i pé a ti tò ó tán. Bàbá mi gbé iṣẹ́ náà lé èmi ọmọ ọdún méjìlá lọ́wọ́, torí pé mo mọ̀wé.

“Má jẹ̀ẹ́ kójú tì mí níwájú wọn o,” ló sọ fún mi.

Ìyà gidi ni. Omi aláwọ̀ aró ni gbogbo rẹ̀, ewé ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ibì kan tó hàn gedegbe. Ó dà bí aṣọ tí òjò pa kí aró rẹ̀ tó gbẹ. Lọ́jọ́ kẹta, mo ṣàkíyèsí pé ńṣe ni àwọn ẹyọ náà ń dín kù.

Ìyá bàbá mi ni. Láti Pobè ló ti wá bá wa gbé, bó sì ṣe máa ń pín bisikíìtì fún àlejò ló ṣe pín adágún mi. Ẹni tó bá wá kí wa kú oríire ẹ̀bùn òyìnbó, ìyá àgbà á bu ẹyọ kan fún un.

“Kí n ní kí wọ́n máa lọ lọ́wọ́ òfìfo?” ló bi mí. “Ẹyọ kọ̀ọ̀kan mà ni mo fún wọn. Ó ṣì kún inú páálí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n padà. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Godomey, níbi tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti fi tirẹ̀ há ẹ̀yìn dígí. Ní Ekpè, àbúrò bàbá mi ti lu ihò sí tirẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ọmọ. Mo já a gbà. Ọmọ ń ké, èmi náà ń ké.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sátidé, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tí n kò rí, láàárín omi gan-an. Ìyá àgbà búra pé òun ti dárúkọ gbogbo ẹni tí òun fún. N kò gbà á gbọ́. N kò kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo tú ẹrù rẹ̀, mo gbọn ìró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún ní kó tú etí aṣọ tó wà ní ìdí rẹ̀. Ó tú u. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.

Madamu, ìyàwó ọ̀gá, dé, ó bẹ̀rẹ̀ wo àwòrán, ó fọwọ́ kan ihò náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ilé wa lèyí ti sọnù, ó ti pẹ́. Mo gbàgbé láti sọ fún yín.”

Bàbá mi bá a rẹ́rìn-ín. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì, ó sì bí mi sí ara mi jù. Madamu mu limonádì rẹ̀ tán, ó lọ.

Mo bá ìyá àgbà lẹ́yìnkùlé, ó ń ká àwọn ìró tí mo tú. Mo kúnlẹ̀.

“Ṣé o ti rí i?” ni ìyá àgbà béèrè.

“Ilé òyìnbó ló ti sọnù, mà, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.”

Ó ká ìró kan tán kó tó fọhùn.

“Má bá a jà o. Bóyá àlejò kan lòun náà fún.”