Alhaja Haleemah àti Ọ̀kadà Orí Omi

Ní Òkè-Ìléwó, ta ni kò mọ Alhaja Haleemah tó ń ta fóòmù? Ọdún tó pé ẹni ọgọ́ta ọdún ló lọ ra ọ̀kadà orí omi. Àwọn àna rẹ̀ ní Ìbarà kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, ṣùgbọ́n orúnkún ló fà á. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn omi, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e débẹ̀ mọ́. Ọ̀kadà omi ní tirẹ̀, èèyàn á kàn jókòó lé e bí ẹni jókòó lórí àpótí nídìí ààrò, ó di gbéra.

Ibi tí wàhálà wà ni ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ tó máa ń pàdé ní adágún Ọ̀yán ní Sátidé. Ẹnjiníà Theophilus ni alága wọn. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ọ́fíìsì ló ń lọ l'Ékòó. Tó bá wá di Sátidé, á dé fìlà funfun bíi ti ọ̀gá atukọ̀ òkun, òun tí kò kọjá etíkun rí.

Ọjọ́ tí Alhaja kọ́kọ́ dé, tòun ti hìjáàbù àti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, alága pe ìpàdé pàjáwìrì sínú ọkọ̀ rẹ̀. Sípíkà ń kọrin gbọ̀ngbọ̀n, ẹ́ńjìnnì ń tú èéfín, òun náà wá ń lọgun kí wọ́n lè gbọ́ ọ: "Ariwo ọ̀kadà omi ti pọ̀ jù! Àwọn ọmọ ìta ló ń gùn ún!"

"Alhaja tó ti ní ọmọ-ọmọ lẹ ń pè lọ́mọ ìta?" ni Adéṣọlá, akọ̀wé ẹgbẹ́, bi í.

"Ọmọ ìta àgbà ni tirẹ̀."

Wọ́n ṣòfin pé ọ̀kadà omi kò gbọdọ̀ sáré. Alhaja ní kò burú, ó wá ń rìn lórí omi bí ìyàwó tuntun. Nígbà tó tún di Sátidé, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń falẹ̀, ó ń dínà mọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ gidi.

"Ẹ̀yin alága, ṣé kí n sáré ni, àbí kí n má sáré?"

"Kí ẹ kúrò lórí omi là ń wí, Alhaja. Ẹ má bínú o."

Ó dùn ún wọra. Aishat ọmọ rẹ̀ ní kó kúkú ta nǹkan náà, òun náà sì ti ń rò ó. Àfi bí alága ṣe yọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó kí i kú ìsinmi, ó béèrè orúnkún, ó béèrè ọjà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Alhaja, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n gùn ún wò? Kí n lè mọ ohun tí mò ń bá jà."

Wọ́n lọ sí Ọ̀yán. Alhaja fẹ́ ṣàlàyé fún un. Alága ní òun ti ń tukọ̀ tipẹ́. Bó ṣe yí ọwọ́ ọ̀kadà náà báyìí, nǹkan náà fò, alága ṣubú sómi gbàà, fìlà gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Alhaja rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Tàófíìkì, apẹja kan tó wà nítòsí, ló fi ọkọ̀ rẹ̀ fa alága jáde. Alága bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ, wọ́n sì ṣèlérí.

Ní Sátidé, alága dìde níwájú ẹgbẹ́. "Mo ti ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀. Ọ̀kadà omi léwu fún àgbàlagbà." Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì lé Alhaja. Ẹnu yún un gan-an, ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí.

Ó kó lọ sí apá kejì adágún. Àwọn obìnrin àsàlátù tí orúnkún ń dùn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn ra tiwọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó di ààrẹ. Kò pẹ́ sígbà náà ni Péjú, ọmọge kan láti Ọ̀fàdà, gbé ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí dé, ó kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́.

Alhaja wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ mi, dìde. Ṣé irú èyí lèèyàn gidi ń gùn lórí omi?"