Bí Bàbá Rọra Ṣe Kọ́ Ìyá Rẹ̀ ní Bàálù Wíwọ̀

Ọkọ̀ tí Bàbá Rọra fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwa ní bíréèkì méjì. Ọ̀kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, èkejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá Rọra fúnra rẹ̀, níbi tó máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: èkejì yẹn ló ń dá ẹ̀mí gbogbo àdúgbò sí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fẹ́ fi imú ọkọ̀ kan ògiri, Bàbá á pariwo, "Rọra!", ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti tẹ tirẹ̀ kó tó pa ẹnu dé. Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Àwọn ọmọ ilé ìwé pàápàá mọ ọkọ̀ náà. Tí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á bọ́ sẹ́yìn ògiri, wọ́n á máa kígbe pé, "Rọra o!" Kì í bínú sí wọn. Ọkùnrin tó ń fi gbogbo ọ̀sán jókòó ti ẹni tí kò mọ jíà yàtọ̀ sí wáípà, tó sì ń rẹ́rìn-ín délé, kí ló tún kù tó lè bí i nínú?

Kò fẹ́ràn kí èèyàn máa fi ẹnu ṣàlàyé fún òun. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní, "Bàbá, ó ti yé mi," ohun tó máa ń sọ kò ju, "Má sọ ọ́ fún mi, ṣe é kí n rí i."

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tí ọmọ ò tíì mọ̀ ọ́n rìn, ìyá Bàbá Rọra ló gbé e pọ̀n, òun ló fún un lóúnjẹ, òun ló di irun rẹ̀, òun náà ló sì fi pàṣán nà án nídìí nígbà tó yẹ. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pe obìnrin yìí, ṣùgbọ́n "Ìyá mi" ni ọmọ ń pè é. Òun náà kì í pe ọmọ ní orúkọ, "Ọkọ mi" ló ń pè é. Ọmọ yìí kàwé, kàwé, ó kàwé dé òkè òkun, ó rí iṣẹ́ síbẹ̀, kò pẹ́ ó rí àfẹ́sọ́nà síbẹ̀ pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ tó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé àwọn ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó, àti pé ọ̀hún náà ni wọ́n ti máa ṣe é, ó ní, "Bàbá mi, ẹ bá mi mú Ìyá mi wá o. Òun ló tọ́ mi. Tí kò bá sí níbẹ̀, mi ò mọ ẹni tó máa fà mí lé wọn lọ́wọ́."

Bàbá Rọra fọwọ́ sọ̀yà. "Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Màá mú un wá."

Kò tíì bi Ìyá Àgbà léèrè o! Nígbà tó wá bi í, ìyá kọ̀ jálẹ̀. "Èmi? Kí n lọ jókòó nínú ohun tí kò ní ilẹ̀ lábẹ́? Ẹ máa lọ, ẹ gba fọ́tò bọ̀ fún mi." Bàbá Rọra bẹ̀ ẹ́ títí. Aránṣọ tó wà ní yàrá kejì bẹ̀ ẹ́. Káfíńtà, ọkọ Aránṣọ, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ara tó tóbi yẹn. Tọkọtaya yìí wà lára àwọn tó ń lọ, torí ojú wọn lọmọ ṣe dàgbà. Ìyá Àgbà wo Káfíńtà nílẹ̀, ó ní, "Dìde, o ń dọ̀tí ṣòkòtò," ó sì wọlé lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó ojú ọ̀nà gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo àlejò tó ń bọ̀ láti ilé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn náà gùn! Wọ́n pé jọ sí pálọ̀, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì, wọ́n ń gbọ́ ọ.

"Ẹ má fi oògùn yín sínú àpótí ńlá. Ẹ gbé e dání, torí àpótí lè gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹ má gbé ìpara inú ike ńlá dání, wọ́n á jù ú nù lójú yín, ẹ̀yin Aránṣọ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ kó súwẹ́tà sí báàgì ọwọ́, òtútù ibí kì í dúró kéèyàn délé kó tó kí i. Tí etí bá dí yín lókè, ẹ máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Tí aṣọ́bodè bá bi yín pé kí lẹ wá ṣe, ẹ ní ìgbéyàwó ọmọ yín lẹ bá wá. Ó tán. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Tí ẹ bá fẹ́ sọdá títì, ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí apá kejì ni wọ́n ti ń wa mọ́tò níbí."

"Háà!" Bàbá Rọra di orí mú. "Apá kejì? Gbogbo wọn?"

"Ní ti Ìyá mi," ohùn náà ń bá a lọ, "mo ti ní kí wọ́n bá a wá àga oníkẹ̀kẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, kó má baà dúró pẹ́ lórí ìlà."

"Ta ló yarọ?" Ohùn ìyá já wá láti inú yàrá, ó le koko.

Gbogbo wọn wo ara wọn. Wọ́n rò pé ó ti sùn ni. Bàbá Rọra rẹ́rìn-ín músẹ́, torí ó ti rí i pé ìyá tó lóun ò lọ gbọ́ gbogbo ohùn yẹn láti orí dé ìdí. Ó ní, "Ó dáa. A ò ní bẹ̀ ẹ́ mọ́. A máa ṣe é kó rí i."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n sọ àgbàlá di pápákọ̀. Káfíńtà gbé férémù ilẹ̀kùn kan tí wọn ò tíì wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ jáde, ó fi ti ara igi, ó ní ẹ̀rọ tó ń yẹ èèyàn wò nìyẹn. Wọ́n to bẹ́ǹṣì sẹ́yìn ara wọn. Aránṣọ gé etí aṣọ gígùn gígùn fún bẹ́líìtì, ó sì gbé abọ́ ìfọṣọ sílẹ̀ fún bàtà àti kọ́kọ́rọ́. Káfíńtà ló kọ́kọ́ gba inú férémù kọjá.

"Píì!" Ẹnu Aránṣọ ni ẹ̀rọ.

Káfíńtà padà, ó yọ bẹ́líìtì. "Píì!" Ó yọ ìṣó kúrò lápò. "Píì!" Ó yọ ìṣó mìíràn. Ọkùnrin yìí yọ ìṣó, ó yọ ìṣó, àfi bí ìgbà tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sínú ṣòkòtò rẹ̀. Ìyá Àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń díbọ́n pé bọ́tìnnì lòun ń rán, bú sẹ́rìn-ín débi tí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó kan ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè, kò lè mú un mọ́ra. Ó dìde. "Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe." Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó fa ojú ro, ó wo ọmọ bíbí inú rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. "Kí lo wá ṣe níbí?"

"Ẹ káàárọ̀ mà," Bàbá Rọra ní. "Ọmọ mi obìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo bí, tí ìyá rẹ̀ ti..."

"Padà sílé ẹ!" Ìyá Àgbà lu tábìlì. "Ṣé wọn ò ní kó o má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i ni? Olórí kunkun. Ẹni tó kàn!"

Ẹ̀rín pa wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará ilé kejì yọrí lójú fèrèsé. Wọ́n ní kí Ìyá Àgbà wọ bàálù náà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n so ó, Káfíńtà di ìdí bẹ́ǹṣì mú, ó ń mì ín jìgìjìgì, Aránṣọ ń gbé tíì kiri lórí tíréè. Ìyá mu tíì tirẹ̀ tán láìda ẹ̀kán kan sílẹ̀. Bàbá Rọra sún mọ́ ọn. "Ìyá mi, ṣé ẹ ti rí i? Ṣé ẹ máa lọ?"

Ojú ìyá yí padà. Ó tú bẹ́líìtì. "Ẹ bá mi ṣe páásípọ́ọ̀tù, kí n kàn ní in lọ́wọ́. Mi ò ní mo ń lọ o."

Ó gba páásípọ́ọ̀tù, kò ní òun ń lọ. Wọ́n bá a gba físà, kò ní òun ń lọ. Ó di ẹrù, ó ní èèyàn lè di ẹrù. Bàbá Rọra ò lè jẹun dáadáa mọ́, torí gbogbo ìgbà tí ọmọ bá pè ló ń bi í pé, "Ṣé Ìyá mi ń bọ̀?", òun náà á sì ní, "Ó ń bọ̀."

Ọjọ́ ìrìn-àjò pé. Ìyá Àgbà wọ aṣọ, ó wọ mọ́tò, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní pápákọ̀, ó rí ìlà àwọn èèyàn bó ṣe lọ lọ bí ẹni pé kò lópin. Ó wo ìlà, ó wo àga oníkẹ̀kẹ́. "Ẹ gbé àga yẹn wá," ó ní, "ẹ̀yin ẹ máa tò." Wọ́n tì í kọjá lára wọn, ó sì ń juwọ́ sí wọn. Férémù tòótọ́ dún nígbà tí Káfíńtà kọjá. Ìṣó kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Nínú bàálù ni nǹkan ti wá yí bìrí. Ìyá Àgbà jókòó sídìí fèrèsé, Bàbá Rọra wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó sáré, ó tún sáré sí i, ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá Rọra sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan lábẹ́ àga. Kò rí i. Ó tẹ ilẹ̀, ilẹ̀ ò dáhùn. "Rọra!" ló fi gbogbo ohùn ké, "Rọra!"

Gbogbo inú bàálù yíjú sí i. Òógùn bò ó. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ni, kò tíì wọ ohun tí ẹlòmíì ń wa rí, tí òun ò ní bíréèkì lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jẹ ṣingọ́ọ̀mù," ó ní. "Fẹ̀yìn tì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi, má bẹ̀rù." Nígbà tí bàálù dúró dáadáa lókè, tí ọkùnrin náà ti ń mí délẹ̀, ojú tì í, ó ní, "Ìyá mi, ẹ̀yin tí ẹ̀rù bàálù ń bà, ẹ̀yin lẹ tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹ̀rù bàálù ń bà mí?" Ìyá Àgbà kọjú sí fèrèsé. "Ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n. Tí mo bá ti fi ọwọ́ ara mi fà á fún wọn, iṣẹ́ mi tán nìyẹn, ó di tiwọn. Mo rò ó pé bí mi ò bá lọ, ó ṣì kù díẹ̀."

Omi lé ròrò lójú Bàbá Rọra. Ó fà á mọ́ra, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n fi gbé tíì dé.

Ọmọ wà lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ ọ̀hún nígbà tí wọ́n jáde. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó sáré, ó kọjá lára bàbá rẹ̀ bí ẹni pé òpó ni, ó rọ̀ mọ́ Ìyá Àgbà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ tí àga fi fẹ́ yí. "Ìyá mi! Ẹ wá! Ẹ wá lóòótọ́!" Àwọn méjèèjì ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Yàrá ńlá kan báyìí ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, tó ní fèrèsé gíga gíga, tí òdòdó funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹbí ọkọ kún ọwọ́ kan. Bàbá ọmọ wà ní ọ̀tún ìyàwó, Ìyá Àgbà wà ní òsì, wọ́n ń rìn bọ̀. Ọkùnrin tó ń darí ètò bi wọ́n pé ta ló mú ọmọbìnrin yìí wá. Wọ́n ti sọ fún Bàbá Rọra pé kó dáhùn pé, "Àwa ni," kó sì fi ọwọ́ ọmọ lé ọwọ́ ọkọ. Ó la ẹnu. Ó wá rí i pé ìyá òun ti di apá ọmọ mú pinpin, kò sì fi í sílẹ̀. Ọkọ ìyàwó na ọwọ́ títí. Bàbá Rọra pa ẹnu dé. Ó mọ̀ pé kì í ṣe òun lọ̀rọ̀ kàn.

Ìyá Àgbà wo ọmọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú ọmọkùnrin náà pọ́n, ẹ̀rù ń ba òun náà, ó hàn kedere. Ìyá na ọwọ́ kejì, ó gbá ọwọ́ ọmọkùnrin náà mú, ó sì fà á, ó fà á títí ó fi dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì.

"Èmi ni mo mú un wá," ó ní, ohùn rẹ̀ dún ketekete. "Ọ̀kan ni mo mú wá, méjì ni mò ń mú lọ."

Ọkùnrin tó ń darí ètò bi wọ́n pé kí ni ìyá sọ. Ìyàwó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un, ẹkún gbà á, ó kàn na ìka sí ọwọ́ Ìyá Àgbà tó di àwọn méjèèjì mú.